Àpáàdì Inú Ẹja

Ní Punta Arenas, atẹ́gùn kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Wọ́n so okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpópónà
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú bó bá ń ti báńkì bọ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti ń fọ ìgò,
ọdún kẹtàlélógún rèé, nílé ìwádìí Yasna Kusanovic.

Ọjọ́ tí Eleuterio atukọ̀ gbé ẹja náà wá
nínú ike ọ̀dà tó kún fún yìnyín,
ó ní, "Ẹ gba òkú yín. Ó ṣì ń mí o."
Yasna fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
Mo ń retí pupa.
Ohun tó jáde dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.

Ó ṣàlàyé fún èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹjọ:
omi ibẹ̀ tutù débi pé ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀,
ẹja náà kàn ń mu ún bí ẹni lanu sójò.
Jíìnì tí ì bá máa fi irin sínú ẹ̀jẹ̀,
tí ì bá máa ru ọ́síjìn kiri bí alábàárù,
ó ti sọnù nídìílé wọn, ṣáájú kí ojú tí yóò kà á tó wáyé.
"Ó sọnù pátápátá?"
"Nolfa, ìkòkò kì í fọ́ kó má fi àpáàdì sílẹ̀.
Òun ni mò ń wá."

Oṣù mẹ́sàn-án.
Ó ń da ọtí líle sórí ẹ̀dọ̀ tí a lọ̀ mọ́ iyọ̀,
títí okùn funfun kan á fi léfòó,
tó ń fà bí itọ́ ọmọ ọwọ́.
Á ká a mọ́ igi, á ní, "Baba ńlá ẹja nìyẹn."
Lálẹ́, a ó gbé pẹlẹbẹ jẹ́ẹ̀lì sábẹ́ iná elésè-àlùkò.
Òfo.
Lọ́jọ́ kejì, òfo.
Ní oṣù kẹrin, ìlà kan yọ, a fò sókè,
àṣé ẹ̀jẹ̀ tèmi ni:
ìgò ló gé mi láàárọ̀, ẹ̀kán kan sì bọ́ síbi tí kò yẹ.
Yasna rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Oṣù yẹn náà ni ìyá mi dùbúlẹ̀ sí ọsibítù.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó.
Mo na apá, mo ń wo tèmi bó ṣe ń gba inú rọ́bà lọ,
ó pupa, ó ki, ó gbóná,
mo sì ń ro ẹja.
Kí ló dé tí ìyá mi ò lè ṣe bíi tirẹ̀?
Mo bi Yasna. Ó pẹ́ kó tó fèsì.
"Ìyá ẹ ò gbé inú yìnyín.
Ibi tí èèyàn ń gbé ló ń sọ ohun tó lè sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kó má kú."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, tí ìrì dídì ń gbá fèrèsé létí,
ìlà kan wà nínú jẹ́ẹ̀lì.
Kò hàn ju àpá ìgbà èwe lọ.
Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé, Yasna kà á lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń ka orúkọ lára ibojì tí òjò ti fọ̀:
ààbọ̀ jíìnì, etí rẹ̀ ti já, kò lè ru ohunkóhun,
síbẹ̀ ìyá ẹja ń gbé e fọ́mọ, ọmọ ń gbé e fọ́mọ,
kò sí èyí tó mọ̀ pé òun di nǹkan mọ́wọ́.
Yasna ò pariwo.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi apá bojú.

Eleuterio yí àwòrán náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.
"Eléyìí lẹ fi oṣù mẹ́sàn-án wá?
Kò tiẹ̀ ṣeé sè."

Ìyá mi ti ń dìde jókòó. Ó máa ń béèrè ẹja.
Mo ń di ìka mi ní báńdéèjì kí n tó fọwọ́ kan ìgò.
Níta, ẹnì kan rọ̀ mọ́ okùn òpópónà,
atẹ́gùn ń fà á láṣọ.